Orí Keje: Ẹgbẹ́ Olórin àti Olólùfẹ́ Wọn Lórí Ayélujára

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa lè ṣe lẹ́yìn orí yìí

Nígbà tí ẹ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ẹ lè:
1. ṣàlàyé bí olórin ṣe ń mọ olólùfẹ́ rẹ̀ kí ayélujára tó dé;
2. fi ìtàn ẹgbẹ́ olórin mẹ́ta hàn bí ojú òpó ayélujára ṣe ń so olórin pọ̀ mọ́ olólùfẹ́;
3. sọ iṣẹ́ tí ojú òpó kọ̀ọ̀kan dára fún;
4. tọ́ka sí ewu tó wà níbẹ̀ àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀;
5. ṣètò iṣẹ́ oṣù kan fún ẹgbẹ́ olórin kékeré.

7.1 Kí ayélujára tó dé

Olórin tó bá lọ ṣeré lóde ìnáwó nílẹ̀ Yorùbá kì í kọrin fún èrò tí kò mọ̀. Kí wọ́n tó gbé gbohùngbohùn síwájú rẹ̀, ó ti béèrè orúkọ olóde, orúkọ bàbá rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí àlejò pàtàkì bá wọlé, ọmọ ẹgbẹ́ kan á sọ orúkọ rẹ̀ sí olórin létí, onígángan á fi ìlù pè é, àwọn elégbè á sì gbè é. Ẹni tí wọ́n kì á dìde, á jó wá síwájú, á náwó. Ohun tí ẹni yẹn bá ṣe ni olórin fi ń mọ orin tó kàn. Bí agbo bá tutù, á pa ìlù dà. Bí agbo bá gbóná, á fa orin náà gùn títí ara á fi tu èrò.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ jùjú I.K. Dairo, Ebenezer Obey àti King Sunny Adé ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onífújì láti ìgbà Sikiru Ayinde Barrister. Fẹlá Aníkúlápó Kútì gba ọ̀nà mìíràn. Ní Afrika Shrine ní Ìkẹjà, ó máa ń dá orin dúró láti bá èrò sọ̀rọ̀ nípa ìjọba àti ìlú, èrò á sì máa dá a lóhùn. Yabis ni wọ́n ń pè é.

Rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra kásẹ́ẹ̀tì ní Aláàbá tàbí ní Dùgbẹ̀ lè gbọ́ ọ títí téèpù á fi gbó, síbẹ̀ olórin kò ní mọ̀ pé ẹni bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù àti àwọn tó ń pín in ni ìròyìn ọjà wà. Bí orin bá fẹ́ kọjá òkun, ilé iṣẹ́ ńlá ló gbọ́dọ̀ gbé e lọ. Island Records ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbé àwo Juju Music ti King Sunny Adé jáde fún àwọn ará òkèèrè ní 1982, àwo méjì mìíràn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àdéhùn náà parí.

Ohun tí ayélujára ṣe fún olórin ni pé ó dá èsì olólùfẹ́ padà fún un. Ẹni tó wà ní Houston lè fèsì sí orin tí wọ́n kọ ní Òṣogbo ní wákàtí tí wọ́n kọ ọ́, bí ẹni pé ó wà lágbo. Kókó tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú orí yìí ni pé ẹgbẹ́ tó bá ń gbọ́ èsì yẹn, tó sì ń dáhùn, ni ojú òpó ń ṣe láǹfààní. Ẹgbẹ́ tó kàn ń polówó ara rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ láì dá ẹnikẹ́ni lóhùn ti sọ ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wérọ̀ di pátákó ìpolówó, èrò á sì máa kọjá lára rẹ̀.

7.2 Bí àwọn ojú òpó ṣe dé àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

MySpace bẹ̀rẹ̀ ní 2003, Facebook ní 2004, YouTube ní 2005, Twitter ní 2006 (X ni wọ́n ń pè é láti oṣù keje 2023), WhatsApp ní 2009, Instagram ní 2010. TikTok, tí ilé iṣẹ́ ByteDance ti ilẹ̀ Ṣáínà dá sílẹ̀, gbilẹ̀ káàkiri ayé lẹ́yìn tí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Musical.ly ní 2018.

Wọn kò jọra, àmọ́ ohun mẹ́ta pa ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni tó ní fóònù àti dátà lè gbé orin tàbí fídíò síbẹ̀ láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò tàbí ti rẹ́kọ́ọ̀dù. Ìkejì, ẹni tó gbọ́ ọ lè fèsì, ó lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó sì lè fi ṣe tirẹ̀. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ olórin kò mọ̀: kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kan ló ń rí ohun tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà ló ń yan ohun tí yóò hàn lójú fóònù olúkúlùkù. Ó ń wo ohun tí ẹni náà ti dúró wò rí, ohun tó ti fèsì sí, ohun tó ti fi ránṣẹ́. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tí ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ń bá fọ̀rọ̀ wérọ̀ fi lè kó èrò wá sóde ju ẹgbẹ́ tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ń tẹ̀ lé lẹ́nu lásán.

7.3 Àpẹẹrẹ kìíní: Arctic Monkeys ti Sheffield

Ní ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin dá ẹgbẹ́ Arctic Monkeys sílẹ̀ ní 2002. Nígbà tí wọ́n ń ṣeré láti ilé ìgbafẹ́ dé ilé ìgbafẹ́, wọ́n ń da orin wọn sínú CD, wọ́n sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó wá wò wọ́n. CD kì í kárí. Àwọn tó rí gbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin inú rẹ̀ sórí ayélujára kí àwọn tí kò rí gbà lè gbọ́ ọ. Àwọn olólùfẹ́ ló ṣí ojú ewé MySpace fún ẹgbẹ́ náà. Àwọn olórin fúnra wọn kò dá sí i.

Kò pẹ́ tí èrò fi ń bá wọn gbe orin tí kò tíì sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Ní oṣù kẹwàá 2005, orin àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ilé iṣẹ́ Domino gbé jáde bọ́ sí ipò kìíní ní Bìrìtéènì. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kìíní 2006, ó sì tà ju 360,000 lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò sí ẹgbẹ́ olórin tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tíì yá báyìí rí lọ́jà ilẹ̀ náà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ jẹ́ méjì. Orí ìtàgé ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ayélujára kàn gbé e jìnnà ni. Ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ náà gba olólùfẹ́ láyè láti fi orin ṣiṣẹ́ fún wọn. Bí wọ́n bá lé gbogbo ẹni tó pín orin náà bí ẹni lé olè, ìbá ṣòro kí orin wọn kúrò ní Sheffield.

7.4 Àpẹẹrẹ kejì: Adekunle Gold àti 79th Element

Ní Èkó, Adekunle Kosoko, tí ayé ń pè ní Adekunle Gold, ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán jẹun kó tó di gbajúgbajà olórin. Ó máa ń so àwòrán ara rẹ̀ mọ́ ti àwọn gbajúmọ̀ bí ẹni pé àwọn jọ ya fọ́tò náà ni, á sì gbé e sórí Twitter. Èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tó fi máa gbé orin “Sade” jáde ní nǹkan bí òpin 2014, ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ ojú rẹ̀ àti ẹ̀fẹ̀ rẹ̀. Ohùn orin “Story of My Life” ti One Direction, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Bìrìtéènì, ló mú, tó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i. Àwọn tó ti mọ ohùn náà tẹ́lẹ̀ dúró gbọ́ ohun tí ọmọ Èkó fi í ṣe. Ní 2015, olórin Olamide gbà á sí YBNL, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Gold, jáde ní 2016.

Nígbà tó dá ẹgbẹ́ tí yóò máa bá a ṣeré lójúkojú sílẹ̀, 79th Element ló sọ ọ́, nítorí nọ́ńbà 79 ni ti wúrà nínú àtẹ èròjà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń lò. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jùjú àti fújì, orúkọ aṣáájú nìkan ni èrò mọ̀. Onígángan tó ń mú èrò jó, oníjìtá tó ń fa ohùn orin, elégbè tó ń gbe orin láti alẹ́ dé ìdájí, èrò kò mọ orúkọ wọn. Ojú òpó lè mú wọn jáde. Fídíò ìṣẹ́jú kan tí onígángan ti ń fi ìlù sọ̀rọ̀, tó sì ń túmọ̀ ohun tó sọ, á jẹ́ kí olólùfẹ́ mọ ẹni tó tún yẹ kí ó fẹ́ràn nínú ẹgbẹ́ náà.

7.5 Àpẹẹrẹ kẹta: BTS ti Seoul

Oṣù kẹfà 2013 ni BTS, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin méje, gbé orin wọn àkọ́kọ́ jáde ní Seoul ní South Korea. Big Hit, ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n, kò lówó bíi ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ìlú náà, kò sì rí àyè púpọ̀ gbà fún wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n wá ibòmíràn gbà. Kí orin wọn àkọ́kọ́ tó jáde rárá ni wọ́n ti ṣí àkáǹtì Twitter kan tí àwọn méjèèje jọ ń lò. Wọ́n ń gbé fídíò kéékèèké sórí YouTube: bí wọ́n ṣe ń kọ́ ijó, bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí àárẹ̀ ṣe ń mú wọn lẹ́yìn eré. Olólùfẹ́ mọ ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ará ilé.

ARMY ni àwọn olólùfẹ́ náà ń jẹ́. Ní oṣù karùn-ún 2017, BTS gba àmì ẹ̀yẹ Billboard fún olórin tó tayọ jù lórí ojú òpó, ẹ̀yẹ tí Justin Bieber ti gbà fún ọdún mẹ́fà léraléra. Ní oṣù kẹfà 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo gbọ̀ngàn pa, wọ́n ṣeré tí èrò sanwó wò lórí ayélujára. Ju 750,000 èèyàn lọ ló ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù yẹn kan náà, ẹgbẹ́ náà fi mílíọ̀nù kan dọ́là ta àjọ Black Lives Matter lọ́rẹ ní Amẹ́ríkà. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, àwọn olólùfẹ́ dá mílíọ̀nù kan mìíràn jọ.

Èdè Kòríà ni BTS fi kọ ọ̀pọ̀ orin wọn. Àwọn olólùfẹ́ ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin àti fídíò wọn sí èdè oríṣiríṣi láì gba owó. Èyí yẹ kó fún ẹgbẹ́ tó ń kọrin ní Yorùbá nígboyà. Ẹ má pa èdè dà nítorí àtidé òkèèrè. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin sábẹ́ fídíò ní Yorùbá tó ní àmì ohùn, kí ẹ sì fi ìtumọ̀ sí i. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, tí Yorùbá ẹnu wọn kò pọ̀, á rí ohun kọ́, wọ́n á sì lè bá yín gbè é.

7.6 Ojú òpó wo fún iṣẹ́ wo?

YouTube. Eré gígùn ló bá a mu jù. Kí YouTube tó pín owó ìpolówó pẹ̀lú oníkànnì, lára ohun tó ń béèrè ni kí 1,000 èèyàn forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí àwọn èèyàn sì ti wo fídíò rẹ̀ fún 4,000 wákàtí láàárín ọdún kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 4,000 jẹ́ ìṣẹ́jú 240,000. Bí orin kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí gbogbo ẹni tó wò ó sì wò ó tán, ó gbọ́dọ̀ rí ìwòye 80,000. Bí fídíò òde jùjú bá gùn, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbẹ̀, ìwòye 8,000 ti tó. Orin gígùn wa, tí wọ́n máa ń sọ pé rédíò kò lè gbà, jẹ́ àǹfààní níhìn-ín.

TikTok. Níhìn-ín, ohun tí olólùfẹ́ fi orin ṣe ló ń gbé e kiri. Láti 2019 ni CKay, olórin Nàìjíríà, ti gbé “Love Nwantiti” jáde. Ní 2021, àwọn tó ń fi í jó àti àwọn tó ń fi í ṣe fídíò lórí TikTok gbé e dé ibi tí kò dé rí. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lo TikTok gbọ́dọ̀ wá ibi tó dùn jù nínú orin rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún, kó sì fi sílẹ̀ fún èrò láti fi ṣeré.

Instagram àti Facebook. Àwòrán, ìkéde òde àti eré ojú ẹsẹ̀ ló bá wọn mu. Bí ẹ bá ń ṣe eré ojú ẹsẹ̀, ẹ yan ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kò ní lu ìlù kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ka ọ̀rọ̀ tí èrò ń kọ, kó sì máa sọ orúkọ wọn fún aṣáájú. Ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu olórin láti òkèèrè kò ní gbàgbé ọjọ́ náà.

WhatsApp. Ibi tí àwọn olólùfẹ́ tó súnmọ́ yín jù yẹ kó wà nìyí. Ẹgbẹ́ WhatsApp kan lè gba èèyàn 1,024. Ọ̀nà ìfiránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan wà pẹ̀lú, tó ń gba èèyàn 256, àmọ́ ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀ nìkan ni yóò rí i gbà.

7.7 Ewu tó wà níbẹ̀

Ojú òpó jẹ́ ilé tí a yá gbé. Onílé lè tì í, ó lè wó o, ìjọba sì lè dí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ní 2019, MySpace kéde pé orin àti fídíò tí àwọn èèyàn gbé síbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjìlá ti sọnù nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ní ilẹ̀ wa, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de Twitter ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2021, wọn kò sì ṣí i títí di 13 oṣù kìíní 2022. Olórin tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń bá èrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ pàdánù wọn fún oṣù méje. Nítorí náà, gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé orúkọ tirẹ̀: nọ́ńbà fóònù tàbí àdírẹ́sì ímeèlì olólùfẹ́, àti ẹ̀dà gbogbo orin àti fídíò níbi tí ọwọ́ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ti tó o. Ẹ rántí pé òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti 2023 kò gbà kí a máa fi ìsọfúnni èèyàn ṣe ohun tó wù wá. Ẹ gba àṣẹ olówó nọ́ńbà kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sì fi fún ẹlòmíràn.

Èrò orí ìwé. Àwọn kan ń ta ọmọlẹ́yìn, wọ́n sì ń ta ìwòye. Ẹni tí wọ́n rà kò ní wá sóde, kò ní gbọ́ orin, kò ní fèsì. Bí kọ̀ǹpútà ojú òpó bá sì rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kan kì í fèsì, kò ní ṣe wàhálà láti fi ohun tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe han ẹlòmíràn.

Ta ló ni fídíò? Ọ̀pọ̀ eré òde ló wà lórí YouTube lónìí tí kì í ṣe ẹgbẹ́ tó ṣeré ló gbé e síbẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo ẹni tó kọ orin àti ẹni tó ṣeré. Àmọ́ kí ìjà má baà wà, ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń ya fídíò kó tó gbé kámẹ́rà, kí ẹ sì kọ bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò ṣe máa pín owó tó bá wọlé.

Ìjà olólùfẹ́. Nígbà tí Barrister àti Kollington Ayinla, onífújì bíi tirẹ̀, ń fi orin bá ara wọn fà á, ó di ìgbà tí àwo mìíràn bá jáde kí olólùfẹ́ tó gbọ́ èsì. Lónìí, ọ̀rọ̀ àbùkù kan lè tàn kálẹ̀ kí olórin tó jí. Ìfẹ́ olórin méjì kò yẹ kó di ẹ̀ébú ìyá àti bàbá ẹni. Aṣáájú ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú ẹlòmíràn nítorí òun. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á rò pé inú rẹ̀ dùn sí i.

7.8 Ètò oṣù kan fún ẹgbẹ́ kékeré

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ jùjú ẹlẹ́ni mẹ́jọ kan ní Ìbàdàn, tí òde méjì péré ń kàn lóṣù.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: kí wọ́n yan ẹni méjì tí yóò máa bójú tó ojú òpó, kí wọ́n sì ya ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fídíò ìṣẹ́jú kan: orúkọ rẹ̀, ohun èlò rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì: lóde àkọ́kọ́, kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ olóde láti ya eré náà. Kí ẹnì kan máa gba nọ́ńbà àwọn tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn ẹgbẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: kí wọ́n gbé eré gígùn náà sórí YouTube, kí wọ́n gé ibi mẹ́ta tó dùn jù sórí TikTok, kí wọ́n sì dá gbogbo ẹni tó bá fèsì lóhùn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: kí wọ́n ṣe eré ojú ẹsẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti ibi tí wọ́n ti ń dánra wò. Kí wọ́n bi èrò pé orin wo ni kí wọ́n kọ lóde tó ń bọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ lóòótọ́. Bí oṣù bá parí, kí wọ́n jókòó wo èyí tí èrò dáhùn sí jù, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ti oṣù tó kàn láti ibẹ̀.

Àkópọ̀

Olórin Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé orin tí a kò gbè kò pé. Rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì gbé orin jìnnà, àmọ́ èsì kò bá wọn padà. Ojú òpó ayélujára gbé orin lọ, ó sì gbé èsì wá. Arctic Monkeys gba olólùfẹ́ láyè, Adekunle Gold jẹ́ kí èrò mọ òun kí wọ́n tó mọ orin òun, BTS jẹ́ kí olólùfẹ́ di ará ilé. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ pẹ́ gbọ́dọ̀ dáhùn, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé orúkọ tirẹ̀ lọ́wọ́, kó sì dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ni olórin máa ń mọ̀ nípa èrò lóde ìnáwó tí kò lè mọ̀ nípa ẹni tó ra kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀?
2. Ṣàlàyé ìdí tí gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ olórin kì í fi í rí ohun tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde.
3. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wo ìṣẹ́jú méjìlá nínú fídíò kan, ìwòye mélòó ni yóò pé wákàtí 4,000?
4. Fi Arctic Monkeys àti BTS wéra: ta ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ojú òpó nínú ìtàn kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ ni àbí olólùfẹ́?
5. Lọ bá ẹgbẹ́ olórin kan ní àdúgbò rẹ. Bi wọ́n pé ta ló ń bójú tó ojú òpó wọn, ta ló ni fídíò òde wọn, ṣé wọ́n sì ní ìwé orúkọ olólùfẹ́. Kọ ìmọ̀ràn olójú ewé méjì fún wọn.
6. Yan orin Yorùbá tí ẹgbẹ́ yẹn kọ fúnra wọn. Pẹ̀lú àṣẹ wọn, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó péye, kí o sì túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ Yorùbá tó dàgbà sókè òkun.